Má Jáde Mọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ohun tí o sọ fún mi lórí fóònù ò kúrò lọ́kàn mi, pé láti ìgbà tí ẹ ti sin ọkọ rẹ, bí ìjọ bá ti dìde fún orin ìyìn, ńṣe lo máa ń jáde síta. O ní arábìnrin kan sì sọ fún ọ pé onígbàgbọ́ kì í sunkún. Dákun, má dá a lóhùn. Jésù alára sunkún nígbà tí Lásárù kú.

Padà lọ ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 16. A máa ń sáré lọ síbi tí ilẹ̀ ti mì, a kì í dúró wo ẹ̀yìn Pọ́ọ̀lù àti Sílà. Wọ́n ti fi ọ̀pá nà wọ́n ní Fílípì, wọ́n ti kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ mì tán, tí onítúbú ń gbọ̀n, ló tó bu omi fọ ọgbẹ́ wọn. Tòun ti ọgbẹ́ tútù ni wọ́n fi kọrin lọ́gànjọ́, wọn ò sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn máa ṣí. Ìyìn kì í ṣe rìbá, ọmọ mi. (Àwọn oníwàásù kan ń tà á bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run á bá wọn sọ̀rọ̀.)

Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi kú, èmi tí mò ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo gbé e lé itan lọ́jọ́ Ìsinmi, ọwọ́ mi kọ̀, kò mì ín. Sáàmù ni mo ń kà nílé. Sáàmù 13 ò ju ẹsẹ 6 lọ: ẹjọ́ ni Dáfídì fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, orin ló fi parí ẹ̀. Sáàmù 88 ò tiẹ̀ dé ibi orin, inú òkùnkùn ló parí sí, síbẹ̀ wọn ò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì. Ìyẹn tù mí nínú ju gbogbo ìwàásù ọjọ́ ìsìnkú lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń gbá ẹ̀yìnkùlé, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi tó ń kọrin. Ìlà méjì péré, ẹkún bá gbà á lẹ́nu mi. Mo fi ọwọ̀ ti ògiri, mo sunkún tó, mo tún mú ọwọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, má jáde mọ́. Bí wọ́n bá dìde, ìwọ jókòó. Bí ohùn ò bá wá, jẹ́ kí àwọn tó yí ọ ká bá ọ kọ ọ́. Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Bá mi gba àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Èmi ni,
Àbúrò ìyá rẹ.