Bí Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Inú Ọkọ̀ Bá Ń Rùn

Ẹ̀yin ọmọ mi tó wà l'Amẹ́ríkà, tí ẹ ń fi ọkọ̀ tó ní ibùsùn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rìnrìn àjò nínú ooru Texas, bí òórùn bá gba inú ọkọ̀ kan, ẹ má sáré fín lọ́fínńdà. Ẹ wá ibi tó ti ń wá.

Inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Omi díẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dúró níbẹ̀. Òun ló ń dínà mọ́ òórùn táǹkì ìsàlẹ̀. Bí omi náà bá ń jò lọ, rọ́bà ibẹ̀ ti dọ̀tí tàbí ó ti gbó: ẹ nù ún, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti táǹkì. Ọ̀pọ̀ yín a ṣí páìpù tó ń kó ìgbẹ́ jáde sílẹ̀ ní ibùdó; omi a ṣàn lọ, ìgbẹ́ a gan mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ tì í pa títí táǹkì yóò fi kún dé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ẹ tó tú u dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi tuntun sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣahun omi.

Bó bá ṣì ń rùn, ẹ yẹ òrùlé wò: ẹyẹ lè ti kọ́ ìtẹ́ sẹ́nu páìpù atẹ́gùn. Fáànù òrùlé náà a máa fa òórùn wọlé. Ẹ pa á kí ẹ tó tẹ omi sí ìgbọ̀nsẹ̀.