Àádọ́ta Ọ̀kẹ́: Orúkọ àti Àbùdá Nọ́ńbà 1,000,000

Ọ̀kẹ́ ni àpò tí ó gba 20,000 owó ẹyọ. Láti inú rẹ̀ ni a ti rí àádọ́ta ọ̀kẹ́, èyí tí í ṣe 50 × 20,000, tàbí 1,000,000. Àwọn kan ń pe nọ́ńbà yìí ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Àwọn mìíràn yá mílíọ̀nù lò. Èwo ni ó yẹ kí olùkọ́ mú?

Nọ́ńbà àìṣeépín ni odidi nọ́ńbà tí ó ju 1 lọ, tí ó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan ni ó lè pín in láìṣẹ́kù. 2 àti 5 wà lára wọn.

50 = 2 × 5²
20,000 = 2⁵ × 5⁴
1,000,000 = 2⁶ × 5⁶

Nínú olùpín kọ̀ọ̀kan, 2 lè fara hàn láti ìgbà 0 títí dé ìgbà 6. Bákan náà ni 5. Nítorí náà, iye olùpín rẹ̀ jẹ́ 7 × 7, èyí ni 49. Bí a bá so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, bíi 50 àti 20,000, 1,000 nìkan ni yóò ṣẹ́kù, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni èkejì ara rẹ̀.

Àádọ́ta ọ̀kẹ́ bá ìṣirò owó àti ènìyàn mu. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ni ó fi gbòǹgbò nọ́ńbà náà hàn. Mílíọ̀nù kò fi ọ̀kankan hàn. Ṣùgbọ́n kí olùtumọ̀ má ṣe fi ọ̀kẹ́ àìmọye dípò èyíkéyìí nínú wọn, nítorí kò ní iye kan pàtó.