Wíwó àti Kíkọ́ Nínú Ara

Bí bàbá kan bá fẹ́ tún ilé alámọ̀ rẹ̀ kọ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ó wó ibi tí ògiri ti lanu. Ẹni tí kò fẹ́ kí á wó ohunkóhun kò lè rí ilé tuntun gbé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn ara ẹ̀dá rí. Púpọ̀ ènìyàn ni ó rò pé egungun dàbí òkúta tí kì í yí padà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lójoojúmọ́ ni ara ń wó díẹ̀ nínú ohun tí ó ti kọ́, tí ó sì ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Kọ́lájìn ni orúkọ èròjà tí ó dàbí okùn, tí ó so awọ, kerekere àti egungun ró. Okùn náà yi, kò rọrùn láti já. Nítorí náà ni ara ṣe ní àwọn ẹ̀ńsáìmù kan tí ojú lásán kò lè rí, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gé e. Ní ọdún 1962, Jerome Gross àti Charles Lapière rí irú ẹ̀ńsáìmù bẹ́ẹ̀ lára ọmọ kọ̀ǹkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo inú ọ̀gọ̀dọ̀ rí mọ̀ pé ọmọ kọ̀ǹkọ̀ a máa ní ìrù, ṣùgbọ́n bí ó bá dàgbà, a kì í rí ìrù náà mọ́. Irú ẹ̀ńsáìmù yìí wà lára ohun tí í jẹ ìrù náà run.

Ní ọdún 1999, Kenn Holmbeck àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí lórí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ńsáìmù wọ̀nyí, tí à ń pè ní MT1-MMP. Wọ́n mú kí á bí àwọn èkúté tí kò ní in rárá. Ẹlòmíràn ìbá wí pé, níwọ̀n ìgbà tí kò sí agékùn mọ́, egungun wọn yóò le ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Òdìkejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Àwọn èkúté náà kò ga, ojú wọn kò rí bí ó ti yẹ, egungun wọn fẹ́lẹ́, àrùn oríkèé sì mú wọn. Kọ́lájìn kó jọ sínú awọ wọn, awọ náà sì le gbagidi. Kí ni ó fà á? Ẹran rírọ̀ tí ó yí egungun ká ni ó yẹ kí ó máa yàgò bí egungun ti ń dàgbà. Nígbà tí kò lè yàgò, egungun kò rí àyè.

Ọ̀ràn yìí kò mọ sára èkúté nìkan. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àbùkù nínú ẹ̀ńsáìmù yìí kan náà ni ó ń fa àrùn Winchester, èyí tí í jẹ egungun àwọn ọmọdé, tí í sì í mú kí oríkèé wọn ká kò. Síbẹ̀, àrùn jẹjẹrẹ pẹ̀lú a máa lo ẹ̀ńsáìmù náà láti la ọ̀nà fún ara rẹ̀. Àpọ̀jù rẹ̀ kò dára, àìsí rẹ̀ kò sì dára.

Nítorí náà, kí á má ṣe pe gbogbo ohun tí ń wó nǹkan ní ọ̀tá. Nínú ara, awólé àti kọ́lékọ́lé, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe.