Ampilifáyà Tó Ń Tan Iná Pupa

Ìbéèrè: Datcha, lẹ́bàá Atakpamé, ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ní Toyota Carina kan tí mo fi ń kó èrò. Ampilifáyà ẹlẹ́nu mẹ́rin inú rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu rí. Nítorí Ọdún Iṣu tó ń bọ̀, mo fi wúfà kejì kún ti tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá yí ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀, iná aláwọ̀ ewé ara rẹ̀ á di pupa, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́. Ohùn kan tún ń han lábẹ́ orin. Bí mo bá ṣe ń tẹná ló ń ga sí i. Oníná kan ní kí n yọ fíúsì 25 kí n fi 60 sí i. Òmíràn ní ó ti jóná, kí n lọ ra tuntun ní Dékon ní Lomé. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ti ẹnìkejì lè ná yín lówó lásán. Ti ẹni àkọ́kọ́ lè jó ọkọ̀ yín.

Ampilifáyà tó ti jóná kì í kọrin kó tó dákẹ́. Bí transistor inú rẹ̀ bá ti kú, bí ẹ bá ṣe tan rédíò báyìí ni iná rẹ̀ á pọ́n, tàbí kí fíúsì já lójú ẹsẹ̀. Tiyín ń kọrin, ìgbà tí báàsì bá wọlé ló ń pa ara rẹ̀. Alárù tí wọ́n di ẹrù lé lórí ju agbára rẹ̀ lọ ni: ó ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí ọrùn má baà ṣẹ́.

Wúfà kejì tí ẹ mẹ́nu bà tí ẹ sì yára kọjá ni mo fura sí jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníná ń ṣe ni pé wọ́n á so ẹnu méjì ẹ̀yìn ampilifáyà pọ̀ di ọ̀kan, kó lè fún wúfà lágbára. Wúfà kan tó jẹ́ óòmù 4 níbẹ̀ kò burú. Àmọ́ bí wọ́n bá de èkejì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gétíìfù mọ́ nẹ́gétíìfù, óòmù 4 méjì ti di 2 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ampilifáyà ẹlẹ́nu mẹ́rin ni kò fẹ́ kí ó lọ sílẹ̀ ju 4 nígbà tí ẹnu wọn bá wà ní sísopọ̀. Ẹ wo ara rẹ̀ níbi tí wáyà sípíkà ń wọ̀, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ pa rédíò, kí ẹ tú gbogbo wáyà sípíkà kúrò lára ampilifáyà, kí ẹ wá tan án padà. Bí iná ewé bá dúró, ampilifáyà yè. Ẹ máa dá sípíkà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa pa rédíò kí ẹ tó so òmíràn. Èyí tí iná bá pọ́n sí lọ́wọ́ ni ọ̀daràn. Ẹ fi mítà wọn sípíkà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó so ó: èyí tí wọ́n kọ óòmù 4 sí máa ń fi nǹkan bíi 3.2 sí 3.8 hàn. Ẹ má gbàgbé wáyà tó gba inú ilẹ̀kùn kọjá o; ilẹ̀kùn takisí tí èrò ń ṣí tí wọ́n ń tì látàárọ̀ máa ń bó wáyà níbi ìdè rẹ̀, á wá máa kan ara ọkọ̀.

Tó bá jẹ́ wúfà méjèèjì ló fa á, ẹ tú ẹnu ẹ̀yìn méjèèjì palẹ̀, kí wúfà kọ̀ọ̀kan ní ẹnu tirẹ̀. Óòmù 4 ni ẹnu kọ̀ọ̀kan á máa gbé. Báàsì lè má mi ilé aládùúgbò mọ́, ṣùgbọ́n á dún títí ọdún á fi parí.

Ti fíúsì ńkọ́? Wáyà ni fíúsì ń dáàbò bò. Wáyà tó ń gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láti ọ̀dọ̀ bátìrì lọ sẹ́yìn á ti gbóná, á sì ti yọ́, kí fíúsì 60 tó rántí já. Ilé iṣẹ́ aṣọ ti wà ní Datcha rí. Ẹni tó bá ti tọ́jú ẹ̀rọ níbẹ̀ rí á ṣàlàyé èyí fún oníná yín. Fíúsì 25 yìí kan náà ló ń sọ òótọ́ tí páálí ampilifáyà kì í sọ. Wọ́n lè kọ wáàtì 2000 sára páálí, ṣùgbọ́n áńpíà 25 lọ́nà fóòtì 13.8 jẹ́ wáàtì 345 tó ń wọlé, apá kan rẹ̀ á sì bá ooru lọ. Nǹkan bíi 200 ló ń dé sípíkà.

Ohùn tó ń ga bí ẹ ti ń tẹná, láti ọ̀dọ̀ ọtanétọ̀ (alternator) ló ti ń bọ̀, wáyà masse, èyí tó de ampilifáyà mọ́ irin ara ọkọ̀, ló sì sábà máa ń fà á wọlé. Eruku àti gbágungbàgun ọ̀nà ti lè tú bóòtù rẹ̀, tàbí kí wọ́n dè é mórí ọ̀dà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ orí nẹ́gétíìfù bátìrì, kí ẹ ha ọ̀dà ibẹ̀ títí irin á fi dán, kí ẹ dè é le koko, kí wáyà náà má gùn ju ìdajì mítà lọ. Lẹ́yìn náà, kí orin máa lọ, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ wọn fóòtì níbi tí wáyà iná ti wọ ampilifáyà fúnra rẹ̀. Bí bátìrì bá ń fi 14 hàn tí ampilifáyà ń rí 12, wáyà ti jẹ méjì tó kù. Ẹ fi ọ̀bẹ ha wáyà náà wò. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, kì í gbé iná tó bàbà gidi. Tí ohùn náà bá ṣì kù, ẹ fa wáyà orin tó ti ara rédíò wá yọ: bó bá dákẹ́, wáyà yẹn ló ń gbé e wọlé, ẹ gbé e gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀ sí wáyà iná.

Bí iná bá ṣì ń pọ́n nígbà tí sípíkà kankan kò sí lára rẹ̀, ẹ yọ fíúsì ẹ̀gbẹ́ bátìrì, kí ẹ fi gílóòbù iná iwájú ọkọ̀, wáàtì 55, rọ́pò rẹ̀. Bó bá tàn fìrí tó sì rọ, kò sí ibi tó ti kan ara wọn nínú. Bó bá tàn kedere tí kò rọ, MOSFET, ìyẹn transistor inú rẹ̀, ló ti kú. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún rédíò ṣe, nítorí MOSFET kò wọ́n tó ampilifáyà tuntun. Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ fi fóònù ya bí wáyà ṣe wà.