Ètò Oúnjẹ Yín ní Àjò

KÍKÀ: Dáníẹ́lì 1:3-16

ÈYÍ TÍ A Ó FI SỌ́KÀN: Dáníẹ́lì ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀ kí ó tó jókòó ti oúnjẹ (wo ẹsẹ 8).

Bí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú ilé yìí ti di ẹrù sílẹ̀. Ó lè jẹ́ àpéjọ ni ẹ fẹ́ lọ, ó lè jẹ́ ìnáwó ní abúlé, ó sì lè jẹ́ ilé ọmọ ni ẹ fẹ́ lọ gbé fún oṣù kan. Ẹ ti ká aṣọ, ẹ ti mú Bíbélì, ẹ ti fi owó mọ́tò sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa: kí ni èmi yóò máa jẹ níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ti bá sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ. Wọ́n ní kí ẹnìkan dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní kí ẹlòmíràn ṣọ́ra fún ohun dídùn àti òkèlè ńlá nítorí àtọ̀gbẹ. Nínú ilé wa, a ń gbìyànjú. Ìkòkò tiwa ni, ọwọ́ wa sì ni ṣíbí iyọ̀ wà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti gbé wa kúrò ní gáréèjì báyìí, ètò tí a fi oṣù púpọ̀ tò lè dàrú láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyá kan tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sí ilé ọmọkùnrin rẹ̀ láti bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Ọdún méjì ni ìyá yìí ti fi ń ṣọ́ iyọ̀ jẹ, ara rẹ̀ sì ti balẹ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ dáadáa. Ó fẹ́ kí ìyá ọkọ òun gbádùn. Pẹ̀lú ọmọ tuntun lọ́wọ́, yóò dìde se ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀, yóò ju mágí mẹ́ta, mẹ́rin sí i, yóò din ẹran, yóò sì gbé ìgò mínírà ti àwo. Ìyá mọ̀ pé èyí kì í ṣe oúnjẹ òun mọ́. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé: “Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìyàwó yìí á ní ìyá ọkọ òun le. Àwọn ará ilé rẹ̀ á ní mo ń fura sí oúnjẹ rẹ̀.” Ó bá dákẹ́. Ó ń jẹ, ó ń dúpẹ́.

Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó jẹ́ 190 lórí 110. Dókítà bi í pé kí ni ó ń jẹ. Ìyá wolẹ̀, kò lè dáhùn. Ìyàwó tí ó dúró ti ibùsùn bú sẹ́kún, ó ní: “Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ṣé kí n wá fi ọwọ́ ara mi ṣe yín ní jàǹbá ni?”

Olùfẹ́ mi, ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ìyá dákẹ́ kí ó má baà dun ìyàwó, ìdákẹ́ náà ni ó sì wá dun ìyàwó jù. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Iyọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Ó máa ń mú kí omi dúró nínú ara. Omi yìí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú iṣan, agbára rẹ̀ á sì ga. Bí ó bá ń ga bẹ́ẹ̀ láìsí ìtọ́jú, ó lè yọrí sí àrùn rọpárọsẹ̀, tàbí kí ó ba ọkàn àti kíndìnrín jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú pé kí gbogbo iyọ̀ tí ó ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5. Ìyẹn kò kún ṣíbí tíì kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni mágí kékeré kan tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 4 lè ní nǹkan bí gíráàmù 2 iyọ̀ nínú. Ẹ wá ka iye tí ó wọ ìkòkò ìyàwó yẹn, kí a tó ka iyọ̀ tí ó fi ọwọ́ bù sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Dáníẹ́lì. Òun náà wà ní àjò, kì í sì í ṣe àjò tí ó fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ lọ. Wọ́n kó o láti Jerúsálẹ́mù lọ sí Bábílónì, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n sì pín oúnjẹ ọba fún un lójoojúmọ́. Ìdí tí kò fi fẹ́ jẹ ẹ́ kì í ṣe àìsàn. Kò fẹ́ sọ ara rẹ̀ di aláìmọ́ níwájú Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà ṣe é lè ran gbogbo ẹni tí ó ní ètò oúnjẹ tí ó sì ń jẹ nínú ìkòkò ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Èkínní, ó pinnu. Kò dúró kí òórùn ẹran kọ́kọ́ bá a jà.

Èkejì, ó lọ bá ẹni tí oúnjẹ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́. Kò bú oúnjẹ ọba, kò sì ta àwo dànù. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, ó ro ti ẹni náà mọ́ tirẹ̀. Ẹ̀rù ń ba olórí àwọn ìwẹ̀fà pé ọba lè bínú sí òun. Dáníẹ́lì kò ní kí ó má bẹ̀rù. Ó ní kí wọ́n dán àwọn wò fún ọjọ́ mẹ́wàá péré, kí wọ́n wá wo ojú àwọn.

Ẹ̀kẹrin, ó sọ ohun tí òun yóò jẹ. Ó dárúkọ oúnjẹ tí ó ti inú ọ̀gbìn wá, ó sì dárúkọ omi. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kùnà nìyí. Ẹni tí ó gbà wá lálejò fẹ́ fún wa ní nǹkan. Bí a bá ka ohun tí a kò jẹ nìkan fún un, ọwọ́ rẹ̀ á ṣófo, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ohun tí a ń fẹ́, ayọ̀ rẹ̀ á kún.

Ẹ̀karùn-ún, kò dá a ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní: “Ṣebí Olúwa wa ní kí àwọn tí Òun rán níṣẹ́ jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú wọn?” Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú Lúùkù 10:7-8. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ méjèèjì pọ̀. Ó ń kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, kí wọ́n sì gba ohun tí ilé náà bá ní pẹ̀lú ọpẹ́. Kò ní kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru fi ìtìjú jẹ iyọ̀ títí yóò fi ṣubú. Ìwé Òwe 23:1-3 pàápàá kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá jókòó ti oúnjẹ ẹni ńlá pé kí ó kó ọ̀fun ara rẹ̀ níjàánu.

Nítorí náà, ibi ìdáná ni a ti ń pa ètò oúnjẹ mọ́, kì í ṣe ìgbà tí àwo bá dé iwájú. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé ìkòkò kaná. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ó ti ṣe é.

1. Kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ pe ẹni tí yóò gbà yín lálejò ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Ẹ lè sọ báyìí pé: “Ìyàwó mi, mo ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ o. Dókítà ní kí n dín iyọ̀ kù. Jọ̀ọ́, bí o bá ń se ọbẹ̀, bu tèmi sọ́tọ̀ kí o tó fi iyọ̀ àti mágí sí i. Ẹ̀fọ́ àti ẹja ni kí o fi ṣe mí lálejò, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn.” Ọ̀rọ̀ yìí kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ ka oògùn yín kí ó ju iye ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò lọ, ẹ sì fi í sínú àpò ọwọ́, kì í ṣe inú ẹrù tí ó wà ní bọ́ọ̀tù mọ́tò.

2. Lójú ọ̀nà. Ebi ni ó máa ń jẹ́ kí a ra ohunkóhun tí wọ́n bá gbé sí fèrèsé ọkọ̀. Ẹ gbé ọsàn, ẹyin sísè, ẹ̀pà yíyan tí kò ní iyọ̀ àti omi dání. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oúnjẹ sísè wà nínú ooru ju wákàtí méjì lọ kí ẹ tó jẹ ẹ́, nítorí ó lè ti bàjẹ́ kí ó tó máa rùn. Ní ti mínírà, ìgò 35cl kan lè ní ṣúgà gíráàmù 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn tó nǹkan bí kóró ṣúgà mẹ́sàn-án. Ta ni nínú wa tí yóò jókòó jẹ kóró ṣúgà mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan?

3. Lórí àwo. Ẹ fi ojú pín àwo sí ọ̀nà mẹ́rin. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì, kí ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà gba ìdá kan, kí òkèlè tàbí ìrẹsì gba ìdá kan tí ó kù. Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ má ṣe gba àwọn tí ó ń sọ pé ó ṣeé ṣe láti jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídúdú ní àjẹyó láìsí ewu gbọ́. Ó lè dára ju búrẹ́dì funfun lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó ti pọ̀ tó ni kí ẹ máa wò.

4. Ní àpéjọ àti ilé ìtura. Láàárín àwọn olóúnjẹ, ẹ wá ẹni tí ó ń ta ẹ̀wà, èkọ àti ọ̀lẹ̀, tàbí ẹ̀fọ́ àti ẹja. Ẹ sọ fún un kí ó má da omi ọbẹ̀ púpọ̀ lé e. Ní ilé ìtura, ẹ béèrè ẹyin sísè dípò ẹyin díndín. Bí wọ́n bá sì kéde ààwẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí tí ẹ ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dara pọ̀. Bí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò yín, tí ojú ń ṣú, ṣúgà ara lè ti wálẹ̀ jù. Ẹ jẹ kóró ṣúgà mẹ́rin kíákíá, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 15, bí kò bá rọlẹ̀ kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì wá ìrànlọ́wọ́. Bí ẹnìkan bá ti dákú, ẹ má ṣe rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ kò ṣẹ̀ bí ẹ bá jẹun nígbà tí ara yín nílò rẹ̀. Nígbà tí ó rẹ Èlíjà ní àjò, oúnjẹ àti omi ni áńgẹ́lì Olúwa gbé wá fún un (1 Àwọn Ọba 19:5-8).

5. Bí ẹ bá ṣubú. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹ jẹ ìrẹsì ìnáwó, tí ẹ sì jẹ ẹ́ jù. Ẹ má ṣe sọ pé, “Ó ti bàjẹ́, ó di ìgbà tí mo bá délé.” Ẹ má ṣe fi ebi jẹ ara yín níyà, ẹ má sì ṣe lo oògùn ní ìlọ́po méjì. Àwo tí ó kàn ni kí ẹ fi tún un bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí àlejò ń bọ̀ wá bá, ẹ̀kọ́ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ẹ má ṣe dúró kí àgbàlagbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ojú lè tì í. Ẹ kúnlẹ̀ bi í pé: “Màmá, kí ni ara yín gbà? Kí ni dókítà ní kí ẹ má jẹ?” Ìtọ́jú tí ó dára jù tí ẹ lè fún un nìyẹn.

Ní ti ìyá wa yẹn, wọ́n fún un ní oògùn, ìyàwó sì yí ìkòkò padà. Ó ń fi ata, àlùbọ́sà, irú díẹ̀ àti efinrin mú ọbẹ̀ ta sánsán. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi ń jẹ nínú ìkòkò kan náà. Nígbà tí ìyá fẹ́ padà sílé, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi rìn wọ ọkọ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ̀yin náà yóò lọ ire, ẹ ó sì bọ̀ ire, ní orúkọ Jésù.

OHUN ÌṢE LÓNÌÍ: Bí ẹ bá ní ìrìn-àjò nínú oṣù yìí, ẹ pe ẹni tí ẹ ń lọ bá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ sọ ohun méjì tí ẹ kò gbọdọ̀ jẹ àti ohun mẹ́ta tí ẹ fẹ́ràn láti jẹ.

KÓKÓ ÀDÚRÀ:

1. Baba, mo dúpẹ́ fún ara tí O fún mi àti fún gbogbo ọwọ́ tí ó ti gbé oúnjẹ síwájú mi.

2. Olúwa, dárí jì mí níbi tí mo ti fi ara mi tàfàlà nítorí ìtìjú.

3. Fún mi ní ọkàn tí ó pinnu bíi ti Dáníẹ́lì, àti ẹnu tí ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ níwájú ẹni tí ó gbà mí lálejò.

4. Gbogbo ẹni tí ó wà ní àjò lára wa lónìí, Olúwa, mú wọn padà délé ní àlàáfíà ara. Àmín.