Akátá Tó Ń Jẹun Nínú Ìkòkò Wa

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Lórí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́, adìẹ nìkan là ń bá wí. Láyé àtijọ́, ìyàwó ni wọ́n ń wá ìbálé rẹ̀ lórí aṣọ funfun. Bí ọkọ kò bá bá a nílé, akèǹgbè ẹmu tí kò kún ni wọ́n ń gbé ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀. Ta ló bi ọkọ léèrè ibi tí òun náà ti ń bọ̀? Aṣọ funfun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbàgbé, ìdájọ́ rẹ̀ kò lọ: ọmọbìnrin ọdún 15 tó ní ọ̀rẹ́kùnrin kan, oníṣekúṣe ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ ọkùnrin tó ní ọ̀rẹ́bìnrin mẹ́ta, "akọ ni", tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ìyìn yẹn gan-an ló ń ṣe ọmọkùnrin níbi. Ẹni tí a ti pè lákọ kò gbọdọ̀ béèrè ohun tí kò yé e. Ohun tí fóònù àtàwọn ọ̀rẹ́ bá fi hàn án ni yóò gbà gbọ́. Bí àtọ̀sí bá mú un, yóò yọ́ lọ ra kápúsù lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, ọmọbìnrin tó yẹ kí wọ́n jọ gba ìtọ́jú kò ní gbọ́. Bí àgbàlagbà obìnrin bá fipá bá a lò, wọ́n á ní oríire ló ṣe. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún Nàìjíríà, obìnrin nìkan ni wọ́n lè fipá bá lò. Òfin àpapọ̀ ti 2015 lórí ìwà ipá ló sọ ọ́ kedere pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Òfin ti mọ̀, àwa ni kò tíì mọ̀.

Wọ́n á ní ọmọbìnrin ló ń gbóyún, òun ló yẹ ká ṣọ́. Ẹrù náà kò dọ́gba lóòótọ́: ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọbìnrin ọlọ́dún 15 sí 19 ní Nàìjíríà, bíi 19 ló ti bímọ tàbí tó wà nínú oyún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ọkọ ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ṣé ẹni tó ń fúnni lóyún ló yẹ ká wá dákẹ́ fún? "Bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ọ́, o ti lóyún" tí à ń sọ fún ọmọbìnrin kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ọjọ́ tí ọmọ bá mọ̀ pé irọ́ ni, kò ní gba òótọ́ tó kù gbọ́. Àwọn kan á ní ara ọkùnrin kò ṣeé dá dúró. Ọmọ tó gba ààwẹ̀ oṣù kan láìfi omi kan ẹnu lọ́sàn-án mọ ìkóra-ẹni-níjàánu dáadáa.

Akátá inú òwe, inú igbó ló ti wá. Tiwa, ilé la ti tọ́ ọ. Nítorí náà kí bàbá pe ọmọkùnrin jókòó kí irùngbọ̀n tó hù, kí ó sọ̀rọ̀ nǹkan oṣù, oyún àti kọ́ńdọ̀mù fún un láìfi ṣe yẹ̀yẹ́. "Níbo lo ti ń bọ̀?" tí à ń bi ọmọbìnrin, ká bi òun náà. Bí oyún bá sì dé, kí ìdílé ọmọkùnrin bá ti ọmọbìnrin san owó ilé ìwòsàn, kí ọmọbìnrin náà padà sílé ìwé lẹ́yìn ìbímọ. Ọmọkùnrin náà kò ṣáà fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.