Mítà Iná: Bí A Ti Í Yàn Án àti Bí A Ti Í Lò Ó

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní sáà tí ó kọjá, ọkọ̀ tí ó ń kó wa lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń fi ìkọ́ni dánra wò kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí a yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó dún "kà" lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Oníṣẹ́ kan tí a pè wò ó fìrí, ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, bátìrì yín ti kú. Ẹ lọ ra tuntun."

A ti bẹ̀rẹ̀ sí dá owó jọ nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa gbé mítà rẹ̀ dé. Ó fi í kan orí bátìrì méjèèjì, ó ka 12.5 volt. Lẹ́yìn náà ó fi ẹnu okùn mítà kan kan orí bátìrì, ó fi èkejì kan irin tí ó di orí náà mú, ó sì ní kí a tún yí kọ́kọ́rọ́. Mítà ka 5 volt níbi tí ó yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ka ohunkóhun. "Ẹ̀yin ọmọ mi," ni ó wí, "bátìrì kò kú, ọ̀nà ni ó dí." A tú irin náà, a sì bá ìpáàrà aláwọ̀ ewé nínú rẹ̀. A họ ọ́ mọ́, a dè é padà, ọkọ̀ sì ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Ní etí òkun Àgbádárìgì yìí, atẹ́gùn a máa gbé iyọ̀ wá sórí ohun gbogbo, iyọ̀ àti ọ̀rinrin a sì máa jẹ irin àti bàbà. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí olúkúlùkù wa mọ ìlò ohun èlò yìí.

Multimeter ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ní ọdún 1923 ni èyí tí Donald Macadie ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ dé ọjà. Òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ni í ṣe, ó sì kó ohun èlò púpọ̀ tí ó ń gbé kiri pọ̀ sínú àpótí kan ṣoṣo. Ohun mẹ́ta ni ó ń wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a fi omi inú táńkì ilé-ẹ̀kọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Volt ni agbára tí ó ń ti omi láti òkè wá. Ampere ni ìwọ̀n omi tí ń ṣàn. Ohm sì ni ìdènà inú páìpù. Bí iyanrìn bá dí páìpù, táńkì ìbáà kún, omi kì yóò dé ẹnu ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ọkọ̀ wa.

Ní ti yíyàn, kò di dandan kí a ra èyí tí ó wọ́n jù. Èyí tí ń kọ nọ́ńbà ni ó rọrùn fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Kí ó lè wọn iná ilé, èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ V pẹ̀lú ìlà oníkọ́lọkọ̀lọ, àti iná bátìrì, èyí tí ìlà tirẹ̀ tọ́. Kí ó ní fíúsì nínú, kí ara okùn rẹ̀ má sì sán. Ẹni tí yóò fi í kan ibi tí iná ti ń pín sí inú ilé gbọdọ̀ wá èyí tí a kọ CAT III 600 V sí lára. CAT II tó fún ohun tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ní ti ọkọ̀, bátìrì tí ó kún tí ó sì ti sinmi a máa ka nǹkan bí 12.6 volt. Bí ó bá ka 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ó gòkè sí nǹkan bí 14; bí kò bá gòkè, ẹ̀rọ tí ń fi iná kún bátìrì ni kí a yẹ̀ wò. Ní ti ilé, 230 volt ni a ń retí ní ilẹ̀ wa. Bí ó bá rẹ̀ sí 170, ẹ jẹ́ kí fíríìjì sinmi, kí ẹ̀rọ rẹ̀ má baà jóná.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ìkìlọ̀ mẹ́ta ni a ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbàgbé.

Èkínní, bí okùn pupa bá wà nínú ihò ampere, a kò gbọdọ̀ fi í kan sọ́kẹ́ẹ̀tì láé. Bí ẹni so wáyà méjèèjì pọ̀ ni, ó sì lè bú gbàmù.

Èkejì, a kì í wọn ohm lára ohun tí iná wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Bí mítà bá ka òfo, ẹ má ṣe tíì fọwọ́ kan wáyà. Mítà tí okùn rẹ̀ ti já nínú a máa ka òfo pẹ̀lú. Ẹ kọ́kọ́ fi í kan ibi tí ẹ mọ̀ pé iná wà; lẹ́yìn náà, ibi tí ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn; lẹ́yìn náà, ẹ padà sí ibi àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́rìí ní ibi àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì, òfo àárín jẹ́ òtítọ́. Kí ẹ sì ti pa suwíìṣì ńlá ilé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àní bí kò tilẹ̀ sí iná ní àdúgbò, nítorí a kò mọ wákàtí tí yóò dé.

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí a fi bátìrì iná tọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe iná ilé. Tuntun a máa ka díẹ̀ ju 1.5 volt lọ, èyí tí ó ti gbó kì í tó bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ sọ ohun tí ó rò, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Owó bátìrì tuntun tí a ti dá jọ ni a dá padà fún àwọn tí ó dá a, ọkọ̀ náà sì ń gbé wa lọ sí ibi iṣẹ́ títí di òní.